Bí A Ṣe Lọ Jiyàn ní Ìlọrà

Ọdún kejì tí mo di tíṣà ni wọ́n gbé mi lọ sí Fìdítì. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà. Mo ní kẹ̀kẹ́ kan, mo ní ṣòkòtò méjì tí ẹsẹ̀ wọn fẹ̀ débi pé wọ́n ń bá mi gbálẹ̀, mo sì gbà lọ́kàn mi pé kò sí ohun tí n kò mọ̀ nípa ọmọdé.

N kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú fi wá bá mi nílé. Wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tí yóò máa kó àwọn ọmọ jọ ní ọ̀sán Sátidé, tí yóò máa kọ́ wọn ní ìwé kíkà, ọ̀rọ̀ sísọ àti ìwà ọmọlúàbí. Àárín ìlú ni títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ gbà kọjá. Bí mọ́tò kan bá ti dẹwọ́ eré báyìí, àwọn ọmọ á ti sáré yí i ká, tàwọn ti ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti kajú. Àwọn ọ̀dọ́ náà fẹ́ kí wọ́n rí nǹkan mìíràn ṣe, ó kéré tán fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀. Mo gbà kíá.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, àwọn ọmọ tó wá sí gbọ̀ngàn ìlú tó ogójì. Mo ti kọ òfin mẹ́wàá sójú pátákó dè wọ́n. Mo kà á láti òkè délẹ̀, mo ní kí wọ́n kà á tẹ̀lé mi. Lọ́sẹ̀ kejì, wọn ò tó ogún mọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, mẹ́sàn-án ló kù, méjì nínú wọn sì ti sùn lọ kí n tó dé orí òfin karùn-ún.

Ọmọbìnrin kan wà nínú àwọn mẹ́sàn-án yìí tó tó ọmọ ọdún mọ́kànlá. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, òun ló ń gbá gbọ̀ngàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi í ní ìbéèrè, ńṣe ló máa ń wolẹ̀, ètè rẹ̀ á máa mì, ọ̀rọ̀ kò sì ní jáde. Mo kà á sí oríkunkun. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé ta là ń pè ní ọmọlúàbí. Ó dìde, kò sọ nǹkan kan. Mo ní kó wà lórí ìdúró títí yóò fi rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ó dúró títí a fi túká. Àwọn ọmọ yòókù kò fi í rẹ́rìn-ín, ó sì yẹ kí ìyẹn ti jẹ́ kí n fura.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ kí àǹtí mi ní Ìbàdàn. Nígbà tí bọ́lẹ́kájà tí mo wọ̀ bọ̀ dúró ní Fìdítì, mo gbọ́ ohùn kan tó mọ́ gaara láàárín ariwo àwọn ọlọ́jà:

“Ọsàn rè é o, ọsàn Fìdítì! Ẹ bó o, ẹ mu ún, oyin ló wà nínú rẹ̀!”

Gbogbo wa ló na ọrùn wò ó. Ọmọ tí mo fi ìdúró jẹ níyà ni, pẹ̀lú àtẹ ọsàn lórí. Bí ojú wa ṣe ṣe mẹ́rin, ohùn náà já. Ó kúnlẹ̀ tòun tàtẹ, ó fẹ́ kí mi káàbọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì há sí i lọ́nà ọ̀fun. Ìtìjú bá mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ẹrù mi sínú mọ́tò.

Ìyá àgbà rẹ̀ wà lábẹ́ àtíbàbà létí títì, wọ́n ń bó ọsàn, wọ́n fi tẹ̀súbáà kọ́ ọrùn ọwọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ro ohun tí mo ṣe fún ọmọ náà láì fi ọ̀kan pamọ́. Màmá kò bá mi jà. Wọ́n bó ọsàn ọwọ́ wọn tán kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

“Tíṣà, ọmọ mi kì í ṣe olóríkunkun. Akólòlò ni. Tó bá ń polówó, ọ̀rọ̀ á máa ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ti wá tẹjú mọ́ ọn pé kó dáhùn, ó parí.”

Mo béèrè ohun tí mo lè ṣe.

“Ẹ ṣáà dúró dè é,” ni wọ́n wí. “Ẹni tó bá ń kánjú bó ọsàn, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò gé.”

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo sọ níwájú gbogbo wọn pé mo ṣi ọmọ náà mú, mo sì bẹ̀ ẹ́. Nígbà yẹn, a kì í gbọ́ ọ pé tíṣà bẹ ọmọdé. Ni ọ̀kan nínú wọn bá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá èmi náà yóò dúró bí ọmọbìnrin náà ṣe dúró. Mo ní ó dáa. Mo dúró fún wákàtí méjì gbáko, mo nu òfin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kúrò lójú pátákó, mo ní kí kálukú wọn kọ́ mi ní ohun kan tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọbìnrin náà, tí mo wá ń pè ní ọmọlọ́sàn, kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń polówó ọjà. Ó kólòlò bó ṣe ń ṣàlàyé, mo sì dúró dè é. Nígbà tí mo polówó tèmi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀kan ní bí mo bá ń ta góòlù, kò sẹ́ni tí yóò yà lọ́dọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn tó ti sá lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kó àwọn ọmọ jọ bákan náà ní Ìlọrà ránṣẹ́ pé kí a wá bá àwọn jiyàn: ta ló wúlò jù, àgbẹ̀ ni tàbí dókítà? Àwa ni wọ́n fún ní àgbẹ̀. Àwọn ọmọ yan agbẹnusọ mẹ́ta, wọ́n sì fi ọmọlọ́sàn ṣe ẹnì kẹta. Mo pè é sẹ́yìn gbọ̀ngàn, mo bi í bóyá ó wù ú lóòótọ́. Mo dúró dè é.

“Ó w-wù mí,” ló wí.

Orí àpò gààrí nínú lọ́rì la jókòó sí lọ sí Ìlọrà, a sì ń kọrin lọ. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀, gbogbo wa funfun bí ẹni tó jáde láti inú ẹlùbọ́. Àwọn òbí ti kún gbọ̀ngàn ilé ìwé wọn, àwọn àgbẹ̀ kan ti oko dé tàwọn ti àdá. Ọmọ tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún Ìlọrà wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun bàbá rẹ̀ tó dé e lórúnkún, ó so rọ́bà mọ́ ọrùn bíi dókítà. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹnì kìíní wa náà ṣe gudugudu. Ṣùgbọ́n ẹnì kejì wa dìde, ó ń yin àgbẹ̀ bọ̀, ó wá rántí pé dókítà ló wo bàbá òun sàn lọ́dún tó kọjá, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo dókítà pátá kó tó jókòó.

Ló bá kan ọmọlọ́sàn. Ó gbójú sókè, ó polówó:

“Àgbẹ̀ rè é o, àgbẹ̀ gidi! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹun láàárọ̀, ta ló bá yín gbìn ín?”

Gbọ̀ngàn mì tìtì. Ó polówó iṣu, ó polówó ẹ̀gẹ́, ó polówó àgbàdo, àwọn àgbẹ̀ ń mi orí. Ìgbà tó dé orí dókítà ni ọ̀rọ̀ há. “D-d-d,” ló ń sọ. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ gbéra láti lọ bá a, mo dì í mọ́lẹ̀. Ni obìnrin kan tó pọn ọmọ lẹ́yìn bá ké láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn bí ẹni tó fẹ́ rajà:

“Ọlọ́jà, èló ni?”

Ẹ̀rín sọ. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó sì dá oníbàárà rẹ̀ lóhùn: “Kò wọ́n, ìyá mi! Dókítà gan-an ń rà á, torí ebi kì í gbóògùn abẹ́rẹ́!”

Síbẹ̀, Ìlọrà ló borí. Àwọn adájọ́ ní kò sí ẹni tó dùn-ún gbọ́ tó agbẹnusọ wa kẹta, ṣùgbọ́n ẹnì kejì wa ti bá Ìlọrà ṣe lára iṣẹ́ wọn. Wọ́n fi iyán gbígbóná rẹ̀ wá lẹ́kún. Nígbà tí a ń padà lọ, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹnì kejì náà wí. Ọmọlọ́sàn ló dá wọn dúró.

“Ó-òótọ́ ló sọ,” ló wí, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Mo lo ọdún mẹ́rin sí i ní Fìdítì. Kí n tó kúrò, gbọ̀ngàn kò gbà wá mọ́. Ọmọlọ́sàn ka ìwé, ó sì di tíṣà ní Awẹ́. Mo yà sí kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ kan láì sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ó ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ọ̀rọ̀ kan sì há a lẹ́nu. Àwọn ọmọ náà jókòó jẹ́jẹ́, wọ́n ń wò ó, kò sí èyí tó bá a parí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn.