Ilé Ni Ọ̀gá Wí, Ilẹ̀ Ni Mo Kà

Ó-Ku-Díẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn, ọkọ̀ onípákó tí àwọn apẹja ń gbé lọ sójú òkun, kò sì sí oníbàárà tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ̀ tó ku kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà, ó ku díẹ̀. Ọkọ̀ tí igi rẹ̀ ṣì wà lóòró nínú igbó, tí ẹyẹ ṣì ń yé sórí rẹ̀, ó ku díẹ̀ náà ni. Apẹja kan dúró de ọkọ̀ títí ìyàwó rẹ̀ fi bímọ, ọmọ náà rìn, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀lé bàbá rẹ̀ wá gba ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ọ̀hún bá ti wọ omi, omi kì í wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bú u tí wọ́n sì ń padà wá.

Bí mo bá ń pe Bàbá ní "ó" nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má rò pé àfojúdi ni. "Wọ́n" ti pọ̀ jù nínú ìtàn náà, n kò sì fẹ́ kí Bàbá bọ́ sáàárín wọn.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí bàbá mi kú. Bàbá àti ìyàwó rẹ̀, tí wọn kò bímọ, ló gbà mí tọ́. Owó ọkọ̀ ló fi rán mi lọ sílé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń tẹ ìwé, òun tó jẹ́ pé bó bá rí A, àkàbà ló máa pè é. Láti ọjọ́ tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí ló ti sọ mí ní Akọ̀wé. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ó ku èmi nìkan tí mò ń wá kí i. Gbogbo Sọ́ńdè ni mo máa ń wọ ọkọ̀ láti ìgboro wá. Màá dáná, màá gé èékánná rẹ̀, màá ka ìwé yòówù tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i, a ó sì jọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí oòrùn yóò fi rọ̀.

Ilé mẹ́tàdínlógójì ló wà létí omi níbẹ̀ nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ kan dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ẹ́sítéètì fún àwọn olówó, ilé ńláńlá yí pápá gọ́ọ̀fù ká, kí ènìyàn máa gbá bọ́ọ̀lù kó sì máa wo òkun. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń tẹ ìwé fún ọ̀gá, ó ti di ọdún mẹ́ta, wọn kò sì tíì fi orúkọ mi sí ti òṣìṣẹ́ gidi. Wọ́n gbé àwòṣe ẹ́sítéètì náà sínú gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wa: koríko tútù, ilé funfun kéékèèké, adágún bí ojú jígí. Mo wá ilé Bàbá nínú rẹ̀ títí. Àsíá pupa kan tó kéré ju ìka mi lọ ni mo bá níbi tó yẹ kó wà, wọ́n kọ 7 sí i.

Àwọn aládùúgbò ń tà, wọ́n ń lọ. Ẹni tó bá bọ Bàbá lọ́wọ́ lónìí pé òun ò ní tà láé, lọ́la ọkọ̀ akẹ́rù ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Láàárín ọdún méjì, ó ku Bàbá nìkan. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan bóyá ilé yẹn ló ń dùn ún.

"Ilé? Pákó àti páànù kọ́ ni ilé? Tí wọ́n bá wó o láàárọ̀, màá kan òmíràn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì."

"Bàbá, ọ̀sẹ̀ méjì? Ẹ̀yin?"

"Ó dáa, ọdún méjì." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì nawọ́ sí etí omi. "Ilẹ̀ yìí ló da gẹ̀rẹ́ lọ sómi, Akọ̀wé. Ibòmíì, tí mo bá kan ọkọ̀ tán, ibẹ̀ lá jókòó sí bí ilé. Tí wọ́n bá gba ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ mi, kí ni mo tún jẹ́? Bàbá arúgbó kan lásán ni."

Ọ̀gá pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ẹni tó kù tí kò tà. Ó ní tí mo bá lè rí ìka rẹ̀ gbà sórí ìwé, òun á sọ iṣẹ́ mi di ti gbére. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó ń pe ọ̀rọ̀ náà, mo ń tẹ̀ ẹ́: a kò ní fọwọ́ kan ilé yín títí láéláé, ibi tó kù yóò di ti ilé-iṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ mọ́ gaara. Ilé ló wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ọ́fíìsì wa kò mọ àmì orí, kò sì mọ àmì abẹ́. Ì báà jẹ́ ilé, ì báà jẹ́ ilẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀. Mo yọ ìwé náà, ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta yẹn sì wà níbẹ̀ ní ìhòòhò.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè mo mú un lọ. Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ọ̀dà, ó fa àpótí sún mọ́ mi.

"Kí ni wọ́n wí nípa ilẹ̀ mi?"

Mo wo ìwé náà. Mo wo ojú rẹ̀. "Wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ kan ilẹ̀ yín títí láéláé."

"Tún un kà."

Mo tún un kà. Ẹ̀ẹ̀kejì rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó bi mí léèrè kí ni "ibi tó kù", mo ní ibi tí àwọn aládùúgbò ti kó kúrò ni. Ó tẹ̀ka. Ó ní Ọlọ́run ló mọ̀ tí òun fi rán mi lọ sílé ẹ̀kọ́, ó sì fi ìwé náà sínú ọ̀rá, ó dì í bí ẹni di oògùn. Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà, mo ń sọ fún ara mi pé n kò parọ́, pé ohun tó wà nínú ìwé ni mo kà. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi náà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tiẹ̀ rìn tó oṣù méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ Túsídeè kan, katapílà dé ibi tí Bàbá ti ń kan ọkọ̀. Ọ̀gá wà níbẹ̀, awakọ̀ katapílà wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀, mo gbé fáìlì dání. Bàbá jáde pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀. Ẹ̀rù kò bà á rárá, ó tiẹ̀ ń ṣàánú wọn ni.

"Ẹ ti ṣìnà," ó ní. "Akọ̀wé, kà á fún wọn."

Mo gbá fáìlì mọ́ àyà. Ọ̀gá gba ìwé náà, ó kà á sókè: ilé.

"Ilẹ̀," ni Bàbá wí.

"Ilé ni, Bàbá. Ẹ wò ó, ilé yín dúró síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án." Ọ̀gá yí ìwé náà síwá sẹ́yìn. "Ta ló kà á ní ilẹ̀ fún yín?"

Mo wolẹ̀. Èèrà kan ń gbé ìyẹ́ kòkòrò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà mi, mo tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé òun ló ni mí. Tí mo bá sọ òtítọ́, iṣẹ́ mi ti lọ. Tí mo bá purọ́, Bàbá ti di òpùrọ́. N kò sọ ìkankan nínú méjèèjì. Mo kàn ń wolẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó kà á bẹ́ẹ̀," ni Bàbá wí nígbà tó yá. "Wọ́n kà á bó ṣe yẹ. Etí mi ni kò gbọ́ ọ dáadáa. Àgbà ti dé."

Awakọ̀ katapílà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ọmọ tuntun. Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni mí lọ́jọ́ náà, orí mi sì wọ́ síbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni iṣẹ́ mi di ti gbére. Èmi ni mo tẹ ìwé rẹ̀.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo ní orí ń fọ́ mi. Èkejì, mo ní òjò ń rọ̀. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, n kò tún wá àwáwí mọ́. Bàbá kò ní fóònù, ó ní ohun tí òun ò bá rí ojú rẹ̀, òun ò lè bá a sọ̀rọ̀. Nítorí náà, kò sí fóònù tó máa dún tí n kò ní gbé. Oṣù mẹ́fà ni mo fi jókòó sí yàrá mi nígboro lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mò ń fọ aṣọ tó mọ́, mò ń gbálẹ̀ tí mo ti gbá.

Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà nípa oṣù mẹ́fà yẹn rèé. Wọ́n kó koríko wá ní kíká bí ẹní, wọ́n tẹ́ ẹ dé ẹ̀yìn fèrèsé Bàbá. Ibi tí ó ti ń ti ọkọ̀ wọ omi di ihò keje nínú pápá gọ́ọ̀fù. Àwọn onífìlà funfun ń kọjá nínú mọ́tò kékeré tí kì í dún, bọ́ọ̀lù wọn a sì ba páànù rẹ̀, gbàà. Wọ́n á ké "ẹ pẹ̀lẹ́ o" láti òkèèrè. Bàbá máa ń ṣa àwọn bọ́ọ̀lù náà sínú korobá, á nù wọ́n, á gbé wọn sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹni tó ni wọ́n lè wá bèèrè, kí àwọn jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá. Bọ́ọ̀lù tuntun ni wọ́n máa ń yọ nínú àpò. Korobá àkọ́kọ́ kún, ó wá òmíràn.

Nígbà tí oṣù kẹfà ń parí lọ, ẹgbẹ́ àwọn onílé ẹ́sítéètì kọ̀wé sí ọ́fíìsì wa. Wọ́n ní bàbá kan máa ń wá jókòó sẹ́nu géètì láràárọ̀ Sọ́ńdè títí di ọ̀sán, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó ti gbó, kò sì dára lójú àlejò. Kí ilé-iṣẹ́ bá a wí.

Ọ̀gá gbé e sórí tábìlì mi. "Kọ ìwé ìkìlọ̀ sí i. Ìwọ náà kúkú mọ̀ ọ́n, kọ ọ́ lọ́nà tí kò ní dùn ún."

Mo tẹ orúkọ Bàbá. Mo tẹ ọjọ́. Ọwọ́ mi kò lè lọ síwájú mọ́. Mo dá ìwé náà padà sórí tábìlì ọ̀gá, mo ní n kò lè tẹ̀ ẹ́, kó wá ẹlòmíràn. Ó wò mí bí ẹni pé àga òun ló sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè mo wọ ọkọ̀. N kò mọ géètì náà mọ́, òdòdó ti bo gbogbo rẹ̀. Bàbá wà lórí àpótí onípákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá gáàdì, ó ti sùn lọ, àgbọ̀n rẹ̀ kan àyà. Ó ti rù. Gáàdì bi mí ta ni mo wá rí, mo nawọ́ sí Bàbá.

"Àṣé ẹ̀yin ni Akọ̀wé?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ṣí ìwé ńlá kan. "Onílé ló gbọ́dọ̀ wá sọ orúkọ àlejò rẹ̀ ká tó jẹ́ kó wọlé. Gbogbo Sọ́ńdè ni Bàbá ń wá ní kí n kọ yín sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n lọ jókòó sílé, pé tí ẹ bá dé, màá jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé. Wọ́n ní rárá, pé ojú máa ń tì yín, pé tí ẹ bá dé tí ẹ ò rí àwọn, ẹ lè padà."

Mo wo ìwé náà. Orúkọ mi wà níbẹ̀ nígbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Àyè kan wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n máa ń kọ àsìkò tí àlejò dé sí, gbogbo rẹ̀ ṣófo.

Bàbá jí. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá." Mo kúnlẹ̀ sórí kọnkéré. N kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀, nítorí tó bá sọ ọ̀rọ̀ rere kan ṣoṣo, n kò ní lè wí i mọ́. "Ilé ni ọ̀gá wí. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. Èmi ni mo kà á ní ilẹ̀ fún yín, mo sì mọ̀."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ọjọ́ tí katapílà dé, tí o wolẹ̀, ni mo mọ̀. Ṣé ẹni tí mo tọ́ ni mi ò ní mọ̀? Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní etí mi ni, kí ojú má bàa tì ọ́, kí o lè máa wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè." Ó fi ọwọ́ lé mi lórí. "Mi ò mọ̀ pé ohun tí màá fi lé ọ lọ nìyẹn."

Mo di etí aṣọ rẹ̀ mú.

"Ilẹ̀ tí wọ́n gbà, mo sunkún ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo dákẹ́. Tìrẹ ni mi ò rí bí mo ṣe máa dákẹ́ sí."

Gáàdì wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó fa ìwé náà mọ́ra, ó sì kọ àsìkò tí mo dé síwájú orúkọ mi.