Sányán Tí Ìyá Àgbà Fẹ́ Wọ̀ Lọ

Ẹ̀yìn ilé wa n'Ìjẹ̀bú-Òde ni igi káńfọ̀ náà wà. Ẹ̀ẹ̀rùn ni o, ọyẹ́ ni o, tútù yọ̀yọ̀ ni ewé rẹ̀ máa ń wà. Bí èèyàn bá fún un lọ́wọ́, á ta sánsán bíi káńfọ̀ funfun tí wọ́n ń fi sáàárín aṣọ. Lọ́sàn-án, abẹ́ ibòji rẹ̀ la máa ń sùn sí, tí àlá wa náà á máa ta sánsán.

"Ìlú àwọn Ṣáínà ló ti wá," ni bàbá mi, tó ń kọ́ni ní bàọ́lọ́jì l'Ódògbolù, sọ fún wa. Ó gbé ewé kan sójú oòrùn kí a lè rí iṣan mẹ́ta tó là á já. "Ẹbí píà ni."

Ìyá àgbà, ìyá rẹ̀, rẹ́rìn-ín. "Ẹbí píà! Èso rẹ̀ kò ju ẹyinjú ẹyẹ lọ."

Nínú àpótí Ìyá àgbà ni sányán kan wà tí ọkọ rẹ̀ olóògbé rà fún un. Òun ló fẹ́ kí a fi sin òun. Nígbà tí káńfọ̀ wọ́n lọ́jà, ewé igi náà ló ń sá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí yóò fi gbẹ táútáú, kó tó fi sáàárín rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí orúnkún ń dùn ún, ó rán àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, pé kó bá òun fi ewé sáàárín aṣọ náà. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Àǹtí já ewé tútù, ó kó o sínú àpótí, ó sì dé e. Ìgbà tí a ṣí i, àbàwọ́n ti ba sányán náà jẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Mo rò pé tútù ló máa lágbára."

"Ṣé ẹ̀fọ́ lo fẹ́ sè ni?"

Àǹtí bú sẹ́kún. Ìyá àgbà gbé aṣọ náà lọ sábẹ́ igi, ó tẹ́ ẹ sórí itan.

"Kí ni n ó wá wọ̀ dé ọ̀dọ̀ bàbá yín?"

Atẹ́gùn ń fẹ́ ewé. Ojú rẹ̀ fẹ́ẹ̀ẹ́ pa dé.

"Òkú kò lè fi ìborùn bo àbàwọ́n," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Alààyè lè bò ó."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ró sányán lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn wa na ọrùn.

"Ẹ̀yin ìyá yìí, ẹ mà ń ta sánsán o! Ọkọ wo lẹ tún fẹ́ fẹ́?"

"Èyí tí mo ní ṣì ń dúró dè mí. Ẹ jẹ́ kó dúró."

Ó wọ̀ ọ́ títí tó fi ya. Nígbà tó kú, Àǹtí ló ra òmíràn.