Nígbà tí Rédíò Ní Ká Fọkàn Balẹ̀

Mo rántí ìgbà tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru dé àdúgbò kan lẹ́yìn ọjà Ìpàtà, ní Ìlọrin. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni, wọ́n sì ti gbà mí sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Èmi ni mò ń kọ ìkéde Yorùbá fún rédíò. Mo rò pé mo ti di ẹni ńlá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ló ń bà mí látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Àṣà ọ́fíìsì wa ni pé "Ẹ fọkàn balẹ̀, kò séwu" ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú gbogbo ìkéde. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ ọ́, rédíò sì kà á láàárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé àdúgbò náà pè mí: ọmọ rẹ̀ ń bì, ojú ọmọ ti jìn wọnú.

"Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù!"

"Èmi kọ́! Wọ́n ní ẹni tó bá wọbẹ̀ kì í jáde mọ́. Ìjọba tó bá ní ká fọkàn balẹ̀, sàréè ló ń gbẹ́ yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo kọ ọ́!"

"Ó dáa, kí ló ń ṣe ọmọ mi?"

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá; bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi àti ìjọba rí. Mo sáré lọ bá ọ̀gá wa, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní èsì àyẹ̀wò kò tíì dé.

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, sà."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni?" Síbẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀, a sì gba ilé rédíò lọ.

Ọ̀gá wa jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ní: "Àìsàn wà níbẹ̀. A fura sí onígbáméjì, ṣùgbọ́n a ò tíì mọ̀ dájú. Omi ló ń tán lára wọn, omi náà la sì ń fà sí wọn lára ní ọsibítù. Ẹ gbé wọn wá kíákíá. Ẹni tó bá fẹ́ dúró ti èèyàn rẹ̀, kó wá dúró tì í."

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi títí, kò gbé e. Mo ti ń sunkún kó tó dáhùn, ariwo kẹ̀kẹ́ Márúwá ń bò ó mọ́lẹ̀.

"A ti wà lọ́nà. Ẹni tó lè sọ pé òun ò mọ̀, ó jọ pé kò purọ́."

Ọmọ náà yè. Ó ti ń bá mi jiyàn bọ́ọ̀lù báyìí. Ṣùgbọ́n bó bá ní inú ń run òun, ẹ̀rù ọjọ́ náà á tún bà mí. Mo ti kọ ìkéde púpọ̀ láti ìgbà náà. Ìbẹ̀rù yẹn ò tíì fi mí sílẹ̀, n kò sì lé e mọ́: òun ni kì í jẹ́ kí n kọ "kò séwu" sórí ohun tí n kò mọ̀.