Ojú Ìyá Mi Nínú Sinimá Kòkó

Gbogbo Òṣogbo ló mọ ojú ìyá mi. Èmi ọmọ tó bí ni kò mọ̀ ọ́n.

Phebe ni wọ́n ń pè é, ìyàwó Silas Awóníyì, àgbẹ̀ kòkó ní Ìkejì-Arákeji. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa fi ẹsẹ̀ yí kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní, kó sì máa kọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ní ọdún 1951, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé ẹ̀rọ wá láti ya sinimá tí yóò kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí a ti ń sá kòkó. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ wo ojú ẹ̀rọ. Phebe na ọwọ́ sí wọn bí ẹni ń pe àlejò wá jẹun, ó sì yíjú sí i, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ níbi gbogbo tí wọ́n ti fi sinimá náà hàn.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ló bí mi. Kí wọ́n tó sọ mí lórúkọ, ó ti kú. Kò ya fọ́tò rí láyé rẹ̀.

Ìyá rẹ̀, Yèyé Sẹ̀gilọlá, ló tọ́ mi. Ẹnu Yèyé mú. Bí mo bá bi í bí ìyá mi ṣe rí, á ní, "Lọ wo dígí." Mo wò ó títí. Imú bàbá mi ni mo ń rí níbẹ̀.

Bí bàbá mi bá ti Òṣogbo dé, á jókòó ti oúnjẹ, á ní, "Yèyé, àwọn dírẹ́bà gáréèjì tún bi mí léèrè obìnrin ẹlẹ́rìn-ín yẹn. Wọ́n fi hàn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Kí lo wí fún wọn?"

"Mo ní ó wà nílé."

Oúnjẹ á tutù.

Ìròyìn ò tó àfojúbà. Èmi náà fẹ́ rí i. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́fà, bàbá mi bẹ àwọn ará ọ́fíìsì ìjọba tó ya sinimá náà títí wọ́n fi gbé ọkọ̀ sinimá wá sọ́dọ̀ wa. Yèyé ní òun kò lọ, nítorí òbí kì í rí òkú ọmọ. Mo sunkún, mo kọ oúnjẹ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ró ìró dúdú rẹ̀, ó sì gbé mi sórí itan níwájú aṣọ funfun tí wọ́n ta.

Mo rí ẹ̀yìn obìnrin kan. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ń yí kòkó. Bàbá mi ké, "Òun nìyẹn!" Bí obìnrin náà ti fẹ́ yíjú sí wa, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ, ó nà án sí wa.

"Phebe, má mú un lọ!" Yèyé ló figbe ta. "Fi í sílẹ̀ fún mi!"

Ó fi ìró bò mí lójú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi aṣọ bò mí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú ìyá mi kọjá, kó má baà padà wá mú ọmọ rẹ̀. Mo jà, mo gé e jẹ. Gbogbo abúlé ń pe orúkọ ìyá mi. Nígbà tí mo fi máa bọ́, ọkùnrin kan ló wà lójú aṣọ funfun náà, tó ń fín oògùn sí igi kòkó.

Bàbá mi bẹ àwọn onísinimá kí wọ́n tún fi í hàn. Wọ́n ní abúlé mìíràn ń dúró. Nígbà tó tún lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n ní fíìmù náà ti gbó, àwọn ti sọ ọ́ nù.

Mo bínú sí Yèyé fún ọdún púpọ̀, n kò ní purọ́. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ìwọ ni ìyá rẹ rẹ́rìn-ín sí nínú sinimá yẹn," ó ní. "Ẹ̀rù ló bà mí. Ìwọ nìkan ló kù fún mi."

"Yèyé, mo mọ̀."

Ní báyìí, àwọn ọmọ mi ń bi mí bí ìyá mi ṣe rí. Ìró dúdú kan tó ń rùn bíi kòkó gbígbẹ ni mo rí.