Èjìká Ọ̀tún àti Irun Ìyá Mi

Ojú bọ́ọ̀dù ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama kíláàsì kejì, mo sì fẹ́ kọ déètì sí òkè pátápátá, bí mo ṣe ń ṣe láti ohun tó lé ní ogún ọdún. Ọwọ́ mi gòkè dé ibi àyà, ó dúró. Mo tún tì í sókè. Ìrora kan gba inú èjìká bọ́ sí ìgúnpá, mo sì kígbe "Yéè!" lójú gbogbo ọmọ ọlọ́mọ. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ déètì ọjọ́ yẹn, ó sì rí jákujàku bí ohun tí adìẹ fi ẹsẹ̀ kọ.

Kì í ṣe ti bọ́ọ̀dù ló kó ìdààmú bá mi. Mo lè pe ọmọ kan kó wá bá mi kọ ọ́. Irun ìyá mi ni mò ń rò. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni wọ́n ń gbé, níbi tí ìlú ti súnmọ́ odò, èmi sì ń gbé ní Adankolo, ní Lokoja kan náà, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Lọ́jọ́ Sátidé, bí mo bá ti fọṣọ tán, màá wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá wọn. Èmi á jókòó sórí àga, àwọn á jókòó sórí àpótí láàárín orúnkún mi, màá tú irun náà, màá fi òrí pa á, màá dì í ní ṣùkú. Wọn kì í gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan orí wọn. Ìyàwó àbúrò mi, tó mọ irun dì jù mí lọ fíìfíì, bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní, "Ó ti ní ẹni tó ń dì í." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mọ́ mi, kí n má purọ́. Nínú àwa mẹ́rin tí wọ́n bí, èmi nìkan ni mo ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè bá mi dù.

Ẹni tó bá ti di ṣùkú rí mọ̀ pé ìgúnpá gbọ́dọ̀ dúró lókè fún bíi wákàtí méjì. Tèmi ò lè dúró lókè fún ìṣẹ́jú kan.

Mo gbéra, ó di ilé ìwòsàn. Dókítà ya fọ́tò egungun náà, ó yí ọwọ́ mi síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní nǹkan kan ò ṣẹ́, èjìká náà kàn gan ni. Ó ní yóò tú fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí n máa fi ìka rìn gòkè lára ògiri láràárọ̀. Ọdún kan kẹ̀!

Mo ní, "Dókítà, irun ìyá mi ò lè dúró de ọdún kan o."

Ó ní bí mo bá fẹ́ fi nǹkan mìíràn kún un kí ìrora náà lè rọlẹ̀, kò burú, ṣùgbọ́n kí n mú ẹyọ kan, kí n sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára fa ọwọ́ náà.

Ẹyọ kan! Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo délé ìwé, mo sọ ọ́ ní yàrá àwọn olùkọ́, gbogbo wọn sì di oníṣègùn lójú ẹsẹ̀. Olùkọ́ Bíbélì wa, tó jẹ́ ará Bùnú, ní Alhaja kan wà ní Lokoja àtijọ́ tó ń wọ́ ara fún èèyàn, pé ọwọ́ wọn gbóná. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní kí n má dá a lóhùn, abẹ́rẹ́ bíi ti àwọn ará Ṣáínà ni kí n lọ gbà. Èyí tó kéré jù láàárín wọn ní olùkọ́ yunifásítì kan ń bẹ ní àdúgbò mi tó ń ṣe ìwòsàn kan tí wọ́n ń pè ní Réékì, pé kò tiẹ̀ ní fọwọ́ kàn mí rárá.

Mo ní, "Kò ní fọwọ́ kàn mí, kí ni mo wá fẹ́ lọ ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Ó ní, "Agbára ni, Mà. Á máa ṣàn láti ọwọ́ rẹ̀ wá sára yín."

Èmi ò sí lára àwọn tó mọ ẹyọ kan yàn. Bí mo bá lọ ra bàtà, mo lè wọ gbogbo tọjà wò kí n tó padà sídìí àkọ́kọ́. Ọjọ́ Ajé títí dé Ẹtì, mo wà nílé ìwé. Ọjọ́ Ìsinmi, mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Sátidé ló kù. Mo sọ fún ara mi pé kò séwu, ṣebí nítorí irun náà ni.

Abẹ́rẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo pe ìyá mi lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Màmá, mi ò ní lè wá lónìí o. Mò ń lọ gba abẹ́rẹ́ fún èjìká."

"Oògùn wo ló wà nínú ẹ̀?"

"Kò sóògùn nínú ẹ̀, Màmá."

Wọ́n ní, "Abẹ́rẹ́ òfìfo."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Wọ́n á kàn gún ọ lásán."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ìwọ náà á wá ní ẹ ṣeun." Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa. Wọ́n wá ní, "Sátidé tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Mo ní màá wá.

Ọmọ Ígálà ni nọ́ọ̀sì tó ń gún abẹ́rẹ́ náà, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan. Ó fi aṣọ funfun tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Mummy, make you lie down." Mo dùbúlẹ̀. Mo dojú bolẹ̀. Mo tú ìró mi, mo wọ́ ọ wálẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, mo di ojú, mo fún eyín pọ̀, mò ń dúró kí ó gún mi.

"Ah! Mummy! Na shoulder o!"

Háà, ojú tì mí. Ṣé ẹ rí i, abẹ́rẹ́ tí a fi ń ránṣọ àti abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń gún, orúkọ kan náà ni àwa ń pè wọ́n. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, bí wọ́n bá ti ní abẹ́rẹ́ yá, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń gún mi, ìdí mi ti mọ̀ ọ́n ju èmi alára lọ. Mo sáré so ìró. Nọ́ọ̀sì náà kọjú sí ògiri, èjìká tirẹ̀ ń gbọ̀n, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

Abẹ́rẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Mo ka mẹ́sàn-án nínú dígí, mo sì rí bí òòrẹ̀ tó fẹ́ jà. Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò. Nǹkan kan kàn ń jó wìnnìwìnnì lábẹ́ awọ ara, lẹ́yìn náà ó wúwo, oorun sì gbé mi lọ. Fún bí ọjọ́ méjì, ìrora náà rọlẹ̀, mo rí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún fi sùn. Ọwọ́ náà ò kúkú gòkè. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ti agbára tó ń ṣàn.

"Màmá, Réékì ni mo fẹ́ lọ ṣe lónìí."

"Kí ni?"

"Réékì!"

"Ìrèké?" Nẹ́tíwọọ̀kì ń já, ohùn wọn ń wọlé, ó ń jáde. "Ìrèké wo èjìká sàn?"

"Kì í ṣe ìrèké, Màmá, Réé..." Ó gé.

Ní ọjọ́ Ajé, ọlọ́kadà kan dúró lẹ́nu géètì mi pẹ̀lú ìdì ìrèké tó ga jù mí lọ. Ó ní màmá kan ní ìsàlẹ̀ ìlú ló ní kí òun gbé e wá, pé kí n se omi rẹ̀ kí n fi pa èjìká, kí n jẹ ìyókù. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni èmi àti gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nílé wa fi jẹ ìrèké.

Ní ti Réékì fúnra rẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ ni olùkọ́ yunifásítì náà. Yàrá rẹ̀ tutù, ó ń run bí ewé lẹ́mọ́ǹgíráàsì. Ó ní kí n dùbúlẹ̀, kí n di ojú, ó na ọwọ́ sókè orí mi láì kàn án, ó sì dákẹ́. Ó dákẹ́ títí. Nínú ìjọ tiwa, ẹni tó bá na ọwọ́ sórí rẹ báyìí tó sì dákẹ́, àdúrà ló ń gbà sínú. Nítorí náà, nígbà tí ó mí kanlẹ̀ tó sì kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò, mo pariwo pé "Àmín! Ní orúkọ Jésù!" Obìnrin náà fò sẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ bàtà mi mọ́lẹ̀. Ó ní, "Mà, kò tíì tán."

Bí ẹ bá bi mí bóyá ó ṣiṣẹ́, mi ò mọ̀. Èjìká mi ò yí padà. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀mejì tí mo lọ, mo sùn níbẹ̀ débi tí mò ń hanrun, mo sì délé láì bá ẹnikẹ́ni jà. Fún ẹni tó bá mọ̀ mí, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ó wá ku Alhaja. Ìlọrin ni àwọn bàbá ńlá wọn ti wá, wọ́n sì ti pẹ́ ní Lokoja débi pé Alhaja ń bá mi sọ Yorùbá, wọ́n ń bá aládùúgbò wọn sọ Núpé, wọ́n sì ń fi Háúsá lé ewúrẹ́. Wọ́n gbé òrí sórí iná, ó yọ́, wọ́n ní "Bísímílà," wọ́n sì ti àtàǹpàkò bọ èjìká mi. Mo pariwo. Wọ́n ní, "Sannu, sannu," ọwọ́ wọn ò dúró.

Mo ní, "Alhaja, dókítà ní kí ẹnikẹ́ni má fa ọwọ́ yìí o!"

Wọ́n ní, "Ta ló ń fà á? Mò ń bẹ̀ ẹ́ ni."

Bí wọ́n bá dé ibi tó le, wọ́n á dúró, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ gbígbóná lé e, wọ́n á dúró títí yóò fi gbà, wọ́n á tún sún díẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ èyí tí mo yàn. Abẹ́rẹ́ dáa, ó mú ìrora kúrò. Réékì dáa, ó fún mi ní oorun. Ṣùgbọ́n èmi nílò ẹni tí yóò bá èjìká mi sọ̀rọ̀, tí kò sì ní jẹ́ kí ariwo rẹ̀ lé òun sẹ́yìn. Láàárọ̀, mò ń fi ìka rìn lára ògiri bí dókítà ṣe ní kí n ṣe, mò ń fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí ibi tó dé. Àmì náà ń gòkè.

Láàárín ìgbà yẹn, ìyá mi tún pè mí. "Sátidé yìí ńkọ́?"

Alhaja ń dúró dè mí, kẹ̀kẹ́ ń fun fèrè níta. Mo ní, "Màmá, irun ò ní sá lọ!" Ohùn mi le. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n sì pa fóònù.

Lẹ́yìn Sátidé kẹrin lọ́dọ̀ Alhaja, ìgúnpá mi gòkè, ó dúró síbẹ̀. Mo kígbe ìdùnnú nínú yàrá mi, ọmọ inú yàrá kejì sì bi mí bóyá mo jẹ tẹ́tẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ra òòyà tuntun, mo ra òrí, ó di ọ̀dọ̀ ìyá mi.

"Okun o!" Mo kí wọn láti ẹnu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nílé wa.

"Okun, ọmọ mi."

Wọ́n jókòó sórí àga, gèlè pẹ́ńpẹ́ lórí wọn. Mo fa àpótí wá, mo ní ó yá. Wọ́n tú gèlè náà. Irun ò sí lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti gé e mọ́lẹ̀, ó funfun bí òwú.

"Ta ló gé e? Ta ló kú?" Ìyàwó àbúrò mi sá wọ ilé ìdáná.

Ìyá mi ní, "Kò sẹ́ni tó kú. Èmi ni mo ní kí wọ́n pe onígbàjámọ̀."

Mo bínú débi pé ẹkún ń gbọ̀n mí. "Màmá! Wọ́n gún mi, wọ́n tẹ̀ mí, mo dọ̀bálẹ̀ fún nọ́ọ̀sì ní ìhòòhò, nítorí irun yẹn ni! Mi ò sinmi láti ọjọ́ yìí, nítorí kí n lè dì í ni!"

"Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ gé e." Wọ́n fi ọwọ́ pa orí wọn lọ, pa á bọ̀. "Ọwọ́ rẹ le, ọmọ mi. Láti ọdún yìí wá, bí o bá dì í tán ní Sátidé, n kì í lè forí lélẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Bí mo bá sọ, kí lo fẹ́ máa wá ṣe níbí?"

Mo gbé òòyà tuntun náà sílẹ̀.

"Nígbà tí mo rí i pé irun náà ò mú ọ wá mọ́," ni wọ́n wí, láìbínú rárá, "mo ní kí wọ́n gé e."

Sátidé mẹ́sàn-án ni mo fi wá ọwọ́ tí n ó fi dirun ìyá mi, nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán náà mi ò yọjú sí wọn lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń bi mí pé Sátidé ńkọ́, irun ni mo rò pé wọ́n ń béèrè. Ojú tì mí, ó sì dùn mí ju èjìká lọ. Mo jókòó tì wọ́n, ọwọ́ mi dilẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun.