Bí Mo Ṣe Kọ́ Àwọn Ìyá Aláró Láti Sọ Nípa Ara Wọn ní Faransé

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ àwọn ìyá aláró ní Faransé, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn. Lọ́dún tí àwọn ológun ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá ni. Ilé-kéú tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wa ní Ṣàpọ́n la ń lò lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ibẹ̀ ni mo ti ka Kùránì ní kékeré, kí Ọlọ́run tó sọ mí di tíṣà Faransé.

Lomé, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ni àwọn ìyá náà ń kó àdìrẹ lọ tà. Wọn kò gbọ́ Faransé, ohun tó bá sì wu ògbufọ̀ ló ń sọ fún oníbàárà wọn. Alhaji tó jẹ́ alága ilé-kéú ti kìlọ̀ fún mi.

“Tíṣà, ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀ láti Lomé lẹ́yìn Iléyá. Bí wọn ò bá lè sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ fún un, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ni n ó gbé yàrá yìí fún.”

Sísọ nípa ara ẹni ni gbogbo tíṣà Faransé fi ń bẹ̀rẹ̀: orúkọ, ọjọ́ orí, ọkọ, ọmọ. Ó rọrùn nínú ìwé, àmọ́ ẹni tó kọ ìwé náà kò dé Ẹ̀gbá rí.

Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Síkírù, àgbà wọn, tí aró ti pa ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.

“Ìyá, ẹ sọ pé Je m'appelle, ‘orúkọ mi ni’, kí ẹ wá dárúkọ yín.”

“Ìyá Síkírù.”

“Orúkọ yín gan-an, Ìyá.”

“Ta ni yóò máa pè mí bẹ́ẹ̀ ní Lomé? Ṣé bàbá mi wà níbẹ̀ ni?”

Mo sún sí ọjọ́ orí. Ó ní òun ti dàgbà. Mo béèrè orúkọ ọkọ rẹ̀. Gbogbo kíláàsì figbe ta: “Háà! Kí ìyàwó dárúkọ ọkọ!”

“Ó dáa. Ọmọ mélòó ni ẹ bí?”

Ìyá Síkírù tún gèlè rẹ̀ wé.

“Tíṣà,” ni Ìyá Síkírù wí, “a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àbí Faransé ti gba ìyẹn lọ́kàn rẹ?”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a yí. Wọ́n mọ ìkíni, wọ́n mọ ònkà ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tàárọ̀ lọ, àmọ́ bí ó bá ti kan ara wọn, wọ́n á di odi. Mo gbé e sádùúrà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Síkírù pẹ́ dé. Mo béèrè ohun tó dá a dúró. Ìyá Bọ́sẹ̀, ọmọ ìjọ Kírísítì tó ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jà, fò dìde.

“Elle est vieille! Elle est fatiguée!” Ó ti darúgbó, ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sọ!

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ foríkanlẹ̀ dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ nípa ara rẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tí kò fẹ́ sọ nípa ẹnìkejì. Láti ọjọ́ yẹn, olúkúlùkù ń ṣàlàyé ẹni tó jókòó tì í. Bó bá kan ọmọ, wọ́n á ní “Elle a beaucoup d'enfants”, pé ọmọ rẹ̀ pọ̀, gbogbo kíláàsì á sì ṣe àmín.

Ọjọ́ pé. Àlejò dé, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lomé. Alhaji jókòó, ó káwọ́ gbera. Ìyá Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde, ó nàka sí Ìyá Síkírù.

“Elle a soixante-dix ans.” Ẹni àádọ́rin ọdún ni.

“Non! Cinquante!” Àádọ́ta ni Ìyá Síkírù fara mọ́.

Ni Ìyá Bọ́sẹ̀ bá tú u palẹ̀ ní Faransé pé òun ṣì wà lẹ́yìn ìyá òun nígbà tí wọ́n gbé Ìyá Síkírù níyàwó. Ìyá Síkírù dá a lóhùn pé aró Ìyá Bọ́sẹ̀ máa ń ṣí kí oníbàárà tó gbé aṣọ délé. Kíláàsì pín sí méjì.

“Kí ni wọ́n ń sọ?” Alhaji béèrè.

Àlejò nu omijé ẹ̀rín. “Ìjà ni wọ́n ń jà, Alhaji. Ẹni tó bá lè jà báyìí kò nílò ògbufọ̀ mọ́. Ẹ fún wọn ní yàrá wọn.” Ó wá yíjú sí wọn. “Tíṣà yín ńkọ́? Ta ni yóò sọ nípa tiẹ̀?”

Àwọn oníjà méjèèjì dojú kọ mí pọ̀.

“Il n'a pas de femme!” Kò níyàwó!

Kí Ramadani tó dé, wọ́n ti mú ọmọbìnrin kan wá sí kíláàsì. “Ó yá, Tíṣà,” ni Ìyá Síkírù wí, “sọ nípa ara rẹ fún un.”

Mo lanu. Faransé kò jáde, Yorùbá kò jáde. Ìyá Bọ́sẹ̀ ló dìde, tó bá mi sọ ọ́ látòkè délẹ̀, tó sì bu iyọ̀ sí i. Ọmọbìnrin náà ló ń gbọ́únjẹ fún mi títí dòní, alhamdulilahi.