Aago Tó Ń Ṣe Òsúkè

Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lójú pópó, ẹ kò ní mọ̀ pé òtẹlẹ̀múyẹ́ ni. Obìnrin kúkúrú tó ń gbé báàgì tó fẹ́ẹ̀ tóbi jù ú lọ, tó sì máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀! Elétí Ọfẹ ni àwọn lọ́yà tó ń gbéṣẹ́ wá fún un ń pè é, torí ohùn tí wọ́n gbà sórí fóònù ló ń tú wò. Kì í tẹ́tí sí ohun tí èèyàn ń sọ, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ló ń gbọ́. "Gbogbo ayé ló ń ṣọ́ ẹnu wọn," ni ó máa ń wí, "kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ẹnu." Òun ló tú àṣírí ọkọ kan tó ní orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn lòun wà, tí èrò sì ń pariwo góòlù lẹ́yìn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Kò fi iṣẹ́ náà wọ ilé tirẹ̀ rí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti wáṣẹ́ lọ sí ìlú òkèèrè ó ti pẹ́. Kì í pè, ṣùgbọ́n gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ohùn rẹ̀ máa ń wọlé sórí fóònù ìyá wọn: "Màámi, ẹ kú ilé o. Ara mi le. Ẹ má mikàn." Ìyá á gbọ́ ọ, á tún un gbọ́. Nígbà tó yá, ọkàn ìyá náà kò lágbára mọ́. Dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ, kó sì yá kíákíá. Ìyá fàáké kọ́rí.

"Bá mi wá àbúrò rẹ," ni ó sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀. "Ọmọ ọlọ́mọ lo ń wá kiri, wá tèmi náà. Mi ò ní sùn sábẹ́ ọ̀bẹ láìmọ ibi tó wà."

Ló bá gbé fóònù ìyá rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì, yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn atúnbàtàṣe, tó fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì bo ògiri rẹ̀ kí ariwo òòlù má baà wọlé. Ó ki íápíìsì bọ etí. Ó ń wá ìró ọkọ̀, ìró aládùúgbò, ohunkóhun tó lè sọ ìlú tí ọmọ náà wà. Kò rí nǹkan kan. Èémí ló rí.

Láàárín "Màámi" àti "ẹ kú ilé", àbúrò rẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó ṣí ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó mí kanlẹ̀ níbẹ̀ náà. Ó fa àwòrán ohùn méjèèjì jáde lórí kọ̀ǹpútà, ó gbé ọ̀kan lé èkejì. Èémí náà ṣe rẹ́gí bí ìkòkò àti ọmọrí rẹ̀. Èèyàn lè sọ ọ̀rọ̀ kan náà nígbà igba, ṣùgbọ́n kò sí alààyè tó ń mí èémí kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹnìkan ń gé ohùn àtijọ́, ó ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ta ni? Ó pa ohùn àbúrò rẹ̀ rẹ́, ó gbé ohun tó kù sókè. Ó kọ́kọ́ dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, láti ọ̀nà jíjìn: kọ̀, kọ̀, kọ̀, kọkọ̀. Kọ̀, kọ̀, kọ̀, kọkọ̀. Aago tó ń ṣe òsúkè. Abẹ́ aago yẹn ló ti kọ́ ìwé kíkà, ó ṣì wà lára ògiri pálọ̀ bàbá rẹ̀ di òní. Ó já íápíìsì kúrò létí, ó sì bojú wẹ̀yìn bíi pé ẹnìkan dúró síbẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Wọn ò sọ ohun tí òtítọ́ máa ṣe bó bá bá a tán. Ẹ̀yìnkùlé ló bá bàbá rẹ̀, ó ń sá aṣọ. Kí bàbá náà tó fẹ̀yìn tì, ilé iṣẹ́ rédíò ló ti ń fi abẹ gé téèpù, tó ń lẹ̀ ẹ́. Tó bá wù ú, ó lè mú kí ọ̀gá rẹ̀ bú ara rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́.

"Bàámi, aago yín wà nínú ohùn ọmọ yín."

Bàbá kò jiyàn. "Wọ́n pè mí láti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ilé tí wọ́n ń kọ́ ló wó lù ú. Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tilé ìwòsàn dé nígbà yẹn ni. Mo ní kó gbádùn díẹ̀ ná, n ó sọ fún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ó jókòó sórí òkúta ìfọṣọ. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn ò dé mọ́. Tó bá ti sùn lọ́sàn-án, mo máa ń ṣí àwọn ohùn àtijọ́ ní pálọ̀, kí n fi fóònù míì gbà á, kí n sì fi ránṣẹ́ sí i."

Obìnrin náà ki aṣọ tútù bọ ẹnu kí ìyá má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀. Inú bí i sí bàbá rẹ̀ débi pé kò lè wò ó lójú. Ohùn òkú ni gbogbo wọn ti ń dá lóhùn lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i.

"Etí mi ò mú mọ́," ni bàbá wí. "Bá mi ṣe ẹyọ kan. Jẹ́ kó sọ fún un pé kó lọ ṣiṣẹ́ abẹ náà."

Kò fi nǹkan kan kún ohùn ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ń kú lọ. Ó mú "ẹ lọ" níbí, ó mú "ilé ìwòsàn" lọ́hùn-ún, ó rán èémí pọ̀ mọ́ èémí, ó sì fọ gbogbo ariwo kúrò lára rẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe kọ́ ọ. Adájọ́ kankan kò lè rí àléébù níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá gbọ́ ọ lórí ibùsùn. Ó tún un gbọ́. Ó gbé fóònù náà lé àyà.

"Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ lèyí," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Kò sí aago nínú ẹ̀."

Ọmọbìnrin náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Ṣé èmi ni mi ò ní mọ aago ilé mi? Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ. Mo ń retí kí ẹnìkan nínú yín sọ ọ́ ni, torí bó bá fi tẹnu mi jáde, bíi pé èmi ni mo pa á. Ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. Níbo ló wà?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá ń mi orí, omijé ń ṣàn wọ etí rẹ̀.

"Ó dáa. Màá lọ ṣiṣẹ́ abẹ náà. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí bàbá rẹ mọ̀ pé mo mọ̀. Ohun tó ń ṣe yẹn ló gbé e dúró."

Ìyá lọ, ó sì bọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, fóònù dún. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi fóònù kejì pamọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ dákẹ́," ni ìyá wí, ó gbé ọwọ́ sókè. "Ọmọ mi ń sọ̀rọ̀."

Aago ṣe òsúkè nínú fóònù, ti ara ògiri sì dá a lóhùn. Kò sí ẹni tó wo ojú ẹnìkejì.